Máàsítà lórí dídarí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àti rédíò: UI, MBA, Èkó, NOUN àbí òkè òkun?

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé àkáǹtì kan. Nígbà tí mo ṣì wà ní ẹ̀ka ìpolówó ní iléeṣẹ́ kan n'Íbàdàn níbí, ìyá kan wà ní àkáǹtì tí gbogbo wa ń pè ní Mọ̀mí Àkáǹtì. Lọ́jọ́ kan tí owó oṣù ti pẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mo lọ bá wọn pé Mọ̀mí, kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an, wọn ò bá mi jà, wọ́n kàn ṣí ìwé gbọ̀ọ̀rọ̀ aláwọ̀ búlúù kan síwájú mi. Orúkọ oníbàárà wà lápá òsì, ọjọ́ tí ìpolówó ẹ̀ jáde tẹ̀lé e, iye owó, ìlà tó kẹ́yìn wá ni wọ́n fi bírò pupa kọ "Ó ti san" sí lókè ẹ̀. Ìlà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo láti òkè délẹ̀. Ojú ewé mẹ́ta gbáko, orúkọ mẹ́rin péré ló ní àmì. Ìpolówó ti jáde tán, àwọn èèyàn ti gbọ́ ọ, àwọn àgẹ́ńsì ìpolówó tó gbé e wá ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ làwọn fi ń sanwó, ẹni tó ń ta dísù (epo jẹnẹrétọ̀) fún wa ò sì ta àwìn, owó lọ́wọ́ ló ń gbà láàárọ̀ kó tó ki páìpù bọnú táǹkì. Mo ti ní dìgírì mass communication nígbà yẹn o, mo mọ àwọn tíọ́rì bí agenda setting àti uses and gratifications, kò sí ọ̀kankan nínú ẹ̀ tó kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ojú ewé mẹ́ta yẹn.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé ìwé tó máa kọ́ èèyàn ní iṣẹ́ ìròyìn gẹ́gẹ́ bí òwò. Mo ti ka máàsítà kan parí látìgbà yẹn, mo tún wá ẹ̀kọ́ owó kọ́ lẹ́yìn ẹ̀, àwọn àbúrò tó wà lẹ́nu iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n sì ń pè mí ṣáá pé "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n lọ nínú gbogbo ẹ̀?" Mo wá ní kí n kó o jọ sójú kan. Ìbàdàn ni mo ń gbé, ojú ará Ìbàdàn ni mo fi wò ó.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìlú wa gan-an. Ní Agodi níbí ni WNTV ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, láyé Awólọ́wọ̀, tí wọ́n ń pe ara wọn ní First in Africa. Lónìí tẹ́ ẹ bá ń yí rédíò láti Mọ́kọ́lá dé Challenge, Premier, Amúlùdùn, Splash, Fresh, Lágelú, Àgídìgbo, àwọn Ilé Akéde ní Oríta Baṣọ̀run, wọ́n pọ̀ débi pé àwọn míì ń pòórá mọ́ àwọn míì lára. Ẹni tó lè sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ pọ̀ lọ jàra. Ẹni tó lè jókòó ti ìwé owó iléeṣẹ́, tó mọ iye tí wákàtí kan lórí afẹ́fẹ́ ń ná wọn, tó mọ ọjọ́ tí láísẹ́ńsì máa parí, tó lè bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ kí wọ́n má fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, NBC, àjọ tó ń fún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní láísẹ́ńsì, kéde pé àwọn ti gba láísẹ́ńsì lọ́wọ́ iléeṣẹ́ 52 nítorí gbèsè tí gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦2.66 bílíọ̀nù. Wọ́n dá ọwọ́ dúró lẹ́yìn náà, àmọ́ ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ tí mo ka àwọn orúkọ tó wà nínú ẹ̀, torí àwọn tó mọ ètò ṣe dáadáa pọ̀ níbẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa fi wọ̀n wọ́n

Kẹ́ ẹ tó wo orúkọ ilé ìwé kankan, ẹ gba ìwé tí wọ́n to àwọn kọ́ọ̀sì wọn sí, ẹ mú bírò, kẹ́ ẹ fi àmì sí gbogbo èyí tó bá kan owó, òfin, òṣìṣẹ́ tàbí ọjà: àkáǹtì, bọ́jẹ́ẹ̀tì, títa ìpolówó, òfin iṣẹ́ ìròyìn, ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ lórí iṣẹ́ ẹ̀, ìwádìí lórí àwọn tó ń wò tàbí tó ń gbọ́, dídarí òṣìṣẹ́. Tí àmì yín ò bá tó mẹ́rin, ẹ̀kọ́ nípa ọ̀rọ̀ sísọ àti ìròyìn nìyẹn, ó wúlò fún ẹni tó wúlò fún, àmọ́ kò ní kọ́ yín ní ohun tẹ́ ẹ torí ẹ̀ wá. Orúkọ tó wà lórí dìgírì máa ń tan èèyàn jẹ, mo ti rí èyí tí wọ́n fi "management" sí tí kọ́ọ̀sì owó inú ẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣírò owó ẹ̀ látòkèdélẹ̀. Fíìsì nìkan kọ́. Fọ́ọ̀mù wà níbẹ̀, owó tẹ́ ẹ fi ń gba àyè, mọ́tò, dátà, ibùsùn tó bá jẹ́ ìlú míì, títẹ project, transcript, àti owó oṣù tẹ́ ẹ máa pàdánù tó bá jẹ́ pé ẹ máa fi iṣẹ́ sílẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí lọ̀pọ̀ èèyàn kì í kọ sílẹ̀, òun gan-an ló sì máa ń pọ̀ jù.

Ìkẹta, ìgbà wo lẹ máa parí? Mo wọlé fún máàsítà tó yẹ kó gbà mí ní ọdún kan àbọ̀, ó gbà mí ní ọdún mẹ́ta àti díẹ̀, transcript tí mo fẹ́ fi wá nǹkan míì lẹ́yìn ẹ̀ tún jẹ oṣù mẹ́jọ lórí ìyẹn. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwé náà. Ẹ rántí pé ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní oṣù kẹta ọdún 2020, oṣù kejìlá ni wọ́n tó wọlé, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022, ó di oṣù kẹwàá. Ẹ wá ẹni méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní department tẹ́ ẹ̀ ń wò, ẹ má bi wọ́n pé ṣé ó dáa, ẹ bi wọ́n pé ìgbà wo lẹ wọlé, ìgbà wo lẹ gbèjà project yín, ìgbà wo ni sàtífíkéètì tẹ̀ yín lọ́wọ́.

Ẹ tún bèèrè ta lẹ máa bá jókòó sí kíláàsì. Nínú iṣẹ́ wa, ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ ní àgẹ́ńsì àti ní báńkì ló máa ń gbé fóònù yín tó bá di ọ̀rọ̀ owó.

UI àti àwọn tó wà nítòsí

UI lọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ máa ń rò, kò sì burú. Department of Communication and Language Arts ti wà níbẹ̀ láti àwọn ọdún 1970, Kenneth Dike Library wà níbẹ̀, Diamond FM 101.1 sì wà nínú ọgbà, rédíò tó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́ tẹ́ ẹ lè fẹsẹ̀ rìn wọ̀ tẹ́ ẹ bá jáde ní kíláàsì. Fíìsì yunifásítì ìjọba ṣì kéré sí ti aládàáni, ẹni tó bá sì ń gbé Àgbowó, Bódìjà tàbí Ṣángo, owó Micra lásán ni ìrìn àjò ẹ̀.

Máàsítà oríṣi méjì ló wà, ti academic àti ti professional. Ti academic lẹni tó fẹ́ lọ ṣe PhD ń ṣe, ti professional wà fún ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ tó fẹ́ kí iṣẹ́ ẹ̀ gbéra sókè. Ẹ yanjú èyí kẹ́ ẹ tó ra fọ́ọ̀mù, torí mo mọ àbúrò kan tó ṣe professional tán níbì kan, tó wá fẹ́ di léktúrà, wọ́n ní kó padà wá bẹ̀rẹ̀ ti academic.

Ibi tó kù sí fún ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ òwò ni pé èdè, ọ̀rọ̀ àti bí ìròyìn ṣe ń ṣiṣẹ́ lára èèyàn ló gbilẹ̀ níbẹ̀ ju owó lọ. Àmọ́ ọ̀nà kan wà tẹ́ ẹ lè fi yí i, project ni. Project máàsítà jẹ́ oṣù púpọ̀ tẹ́ ẹ máa fi tú nǹkan kan palẹ̀, ẹ má lọ fi ka ìròyìn inú ìwé ìròyìn mẹ́ta kẹ́ ẹ máa ka iye ìgbà tí wọ́n dárúkọ gómìnà. Ẹ gbé e lé àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lórí. Gbogbo wa la mọ bó ṣe ń lọ n'Íbàdàn: iléeṣẹ́ á ta ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń pè ní belt, òun á lọ wá onígbọ̀wọ́ ẹ̀ fúnra ẹ̀, alágbo, àwọn tó ń ta ilẹ̀, àwọn tó ń ta mọ́tò, pásítọ̀, àlùfáà, bóyá ó rí wọn bóyá kò rí wọn, owó iléeṣẹ́ ti wọlé. Ó dà bíi pé iléeṣẹ́ ló jèrè, ọkàn wọn balẹ̀, kò sí pé à ń lé gbèsè kiri. Ṣùgbọ́n ta ló ni àwọn tó ń gbọ́ ètò yẹn? Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ló ni wọ́n. Lọ́jọ́ tó bá kó ẹrù ẹ̀ lọ sí iléeṣẹ́ kejì, ó ń kó onígbọ̀wọ́ lọ, ó ń kó àwọn olùgbọ́ lọ, iléeṣẹ́ àkọ́kọ́ á wá máa wá ẹni tó máa ra àsìkò tó ṣófo yẹn. Ní èló ló yẹ kí wọ́n tà á tí wọ́n fi máa sọ pé àwọn jèrè? Nínú ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, mi ò tíì rí ọ̀gá kan tó mú ìwé jáde dá mi lóhùn. Ẹni tó bá lọ jókòó ti àwọn ọmọ FIBAN, ẹgbẹ́ àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, tó rí iléeṣẹ́ méjì tó máa jẹ́ kó wo ìwé owó wọn, tó sì kọ ìdáhùn yẹn síbẹ̀, project ẹ̀ máa gba iṣẹ́ fún un ju sàtífíkéètì lọ.

Lead City náà wà níbí, lọ́nà Toll Gate. Aládàáni ni, ìyanṣẹ́lódì ASUU ò kàn wọ́n, nítorí náà ẹ lè mọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa parí dáadáa, owó ẹ̀ sì ga ju ti UI lọ. Àyẹ̀wò bírò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ṣì dúró níbẹ̀ o, ẹ má tìtorí pé kò sí ìyanṣẹ́lódì kẹ́ ẹ fojú fo kọ́ọ̀sì.

MBA

MBA ni máàsítà lórí ìṣàkóso òwò. Ibí ni mo fẹ́ dúró sí pẹ́ díẹ̀, torí lójú tèmi òun ló yẹ ọ̀pọ̀ àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, wọn kì í sì í rò ó, wọ́n máa ń sọ pé "èmi kì í ṣe ọmọ báńkì." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣírò nǹkan kan pọ̀.

Ká sọ pé àgẹ́ńsì gbé ìpolówó ₦1,000,000 wá. Inú gbogbo ọ́fíìsì á dùn. Àgẹ́ńsì á kọ́kọ́ yọ 15% tiwọn, ₦150,000 ti lọ, ó ku ₦850,000. Owó tó ń wọlé yìí, ká ní NBC ń gba 2.5% nínú ẹ̀, ₦21,250, ó ku ₦828,750. Owó náà ò tíì dé o, àádọ́rùn-ún ọjọ́ ló ń bọ̀, dísù ò sì dúró. Tí iléeṣẹ́ bá lọ yá ₦850,000 ní báńkì láti fi dúró dè é, ká ní èlé ẹ̀ jẹ́ 30% lọ́dún, oṣù mẹ́ta á jẹ ₦63,750. Ohun tó kù ti di ₦765,000, a ò tíì sọ̀rọ̀ owó oṣù ẹnikẹ́ni, a ò tíì sọ̀rọ̀ ẹni tó ka jíńgùlù, a ò tíì dárúkọ iná. Olórí ẹ̀ka ìpolówó tí ò bá mọ ìṣírò yìí á fún oníbàárà ní ẹ̀dínwó 20% kó lè rí i gbà, á rò pé òun ti ṣe dáadáa, inú oníbàárà á sì dùn sí i, ó ti gbé iléeṣẹ́ wọnú gbèsè nìyẹn.

Irú nǹkan yìí ni MBA fi ń jí èèyàn láàárọ̀: àkáǹtì, bí owó ṣe ń wọlé àti bó ṣe ń jáde, dídarí èèyàn, títa ọjà, gbígba ìpinnu nígbà tí gbogbo nǹkan ò dájú. UI School of Business wà fún ẹni tí ò fẹ́ kúrò n'Íbàdàn. Lagos Business School wà ní Ajah lọ́nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n ti wà láti ọdún 1991, abẹ́ Pan-Atlantic University ni wọ́n wà, orúkọ wọn lágbára, owó wọn lágbára pẹ̀lú, mílíọ̀nù lọ́nà púpọ̀ ni, ẹ má lọ síbẹ̀ láìsí pé iléeṣẹ́ yín máa dá sí i tàbí kẹ́ ẹ ti fi owó pamọ́.

Ohun tí MBA ò ní kọ́ yín ni òfin NBC, ọ̀rọ̀ láísẹ́ńsì, ẹ̀tọ́ lórí fíìmù àti orin, òfin ìpolówó tó wà lọ́wọ́ ARCON, àjọ tó ń darí ìpolówó, látọdún 2022. Àpẹẹrẹ tí wọ́n á máa mú wá sí kíláàsì, ti báńkì àti símẹ́ńtì àti bisikíìtì ló máa pọ̀. Ẹ̀yin lẹ máa túmọ̀ ẹ̀ sí ti tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́jọ jókòó nínú sìtúdíò máa rí i túmọ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí agùnbánirọ̀ ò ní rí ibi tó máa so ó mọ́, ó kàn máa há a sórí fún ìdánwò ni.

Èkó

School of Media and Communication ti Pan-Atlantic ni mo rò pé ó súnmọ́ ohun tí à ń wá jù lórílẹ̀-èdè yìí, torí wọ́n kọ́ iṣẹ́ ìròyìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé òwò lábẹ́ òrùlé yunifásítì kan náà, àwọn tó ń wá sọ̀rọ̀ fún wọn sì ń ti iléeṣẹ́ wá. Aládàáni ni, ẹ ti mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún àpò yín. UNILAG ti ń kọ́ni ní mass communication láti ọdún 1966, LASU náà ní ẹ̀ka ìbánisọ̀rọ̀ tó dúró dáadáa. Látìgbà tí NUC, àjọ tó ń darí yunifásítì, ti tú Mass Communication palẹ̀ sí ẹ̀ka-ẹ̀ka, bíi broadcasting, advertising àti public relations, ẹ tún ní láti bi wọ́n pé abẹ́ ẹ̀ka wo ni máàsítà tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀ bọ́ sí báyìí.

Àǹfààní Èkó gan-an wà níta kíláàsì. Àwọn àgẹ́ńsì ńlá wà níbẹ̀, àwọn tó ń ra ìpolówó fún ọṣẹ àti ìndómìì àti fóònù wà níbẹ̀, owó tó ń jáde lórí rédíò wa n'Íbàdàn, Èkó ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bá irú wọn jókòó fún ọdún kan, tí iléeṣẹ́ yín bá ń lé gbèsè lẹ́yìn náà, ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ máa pè.

Ẹ má dán an wò pé ẹ máa máa lọ máa bọ̀ lójoojúmọ́ o. Rélùwéè wà ní Móníyà látọdún 2021, ó dáa, ó sàn ju kéèyàn há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ́nà márosẹ̀, àmọ́ Ẹ̀bùté Mẹ́ta ló ń sọ yín sí, láti ibẹ̀ dé Ajah tún jẹ́ ìrìn àjò míì tó lè jẹ gbogbo àárọ̀ yín. Kíláàsì wíkẹ́ńdì ṣeé ṣe láti Ìbàdàn tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí tẹ́ ẹ lè sùn sọ́dọ̀ wọn lálẹ́ Friday. Kíláàsì àárín ọ̀sẹ̀, ẹ kó lọ Èkó ni, kẹ́ ẹ fi owó ilé kún ìṣírò.

NOUN

Mi ò ní pẹ́ níbí. NOUN, yunifásítì ìjọba tí wọ́n ti ń kàwé láti ilé, ní ibùdó n'Íbàdàn, wọ́n ní máàsítà mass communication, wọ́n ní MBA, owó ẹ̀ ò ga, ẹ ò ní fi iṣẹ́ sílẹ̀, sàtífíkéètì ìjọba àpapọ̀ sì ni. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ka ìwé yín o. Mo rí ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tọ́kùn ètò àárọ̀, aago mẹ́ta òru ló ń jí ka módúù ẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó parí lásìkò, mo kí i gidi. Àwọn méjì tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ti fi í sílẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ mọ ara yín. Ohun tẹ́ ẹ ò ní rí níbẹ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ tẹ́ ẹ máa jọ jiyàn nínú kíláàsì, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ fi nǹkan míì dí ìyẹn.

Òkè òkun

Níbẹ̀ ni orúkọ kọ́ọ̀sì ti bá ohun tí à ń wá mu gẹ́lẹ́. University of Westminster ní London ní MA Media Management, ọdún kan ni. Drexel ní Philadelphia gbé máàsítà kalẹ̀ lórí dídarí tẹlifíṣọ̀n gan-an. Carnegie Mellon ní ti dídarí iléeṣẹ́ fíìmù, tẹlifíṣọ̀n àti orin (Entertainment Industry Management), ọdún méjì, ọdún kan ní Pittsburgh, ọdún kejì ní Los Angeles níbi tí iṣẹ́ wà. Wọ́n á kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ra ẹ̀tọ́ fíìmù, bí wọ́n ṣe ń to ètò sórí ìkànnì, bí wọ́n ṣe ń lo iye àwọn tó wò ó lálẹ́ àná láti fi tún iye owó ìpolówó ṣe. Ìmọ̀ ẹ̀tọ́ yìí la nílò lójú méjèèjì. Amazon Prime Video fa ọwọ́ sẹ́yìn ní Áfíríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, Canal+ ra MultiChoice tó ni DStv, ó parí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, àwọn tó ń ṣe fíìmù Yorùbá sì ti kó lọ sórí YouTube rẹpẹtẹ. Àwọn èèyàn wa ń fọwọ́ síwèé lójoojúmọ́ tí wọ́n fi ń ta iṣẹ́ wọn títí ayé láìmọ̀.

Àmọ́ ẹ fi sọ́kàn pé ọjà tí wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ yàtọ̀. BARB ń ka àwọn tó ń wo tẹlifíṣọ̀n fún wọn ní UK, Nielsen ń kà á ní Amẹ́ríkà, iye gidi ló wà lórí tábìlì kí wọ́n tó jókòó dúnàádúrà. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, ohun tó wà lórí tábìlì ni rate card (ìwé iye owó ìpolówó) àti "ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá mi, ẹ bá wa wò ó." Ẹni tó bá padà wálé gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe máa fi ìmọ̀ yẹn ṣiṣẹ́ níbi tí iye ò sí.

Owó ńkọ́? Látìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ohun tí ìdílé kan lè san tẹ́lẹ̀ ti kọjá agbára wọn. Fún UK, owó oúnjẹ àti ilé oṣù mẹ́sàn-án gbọ́dọ̀ dúró nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28, lórí fíìsì. Látoṣù kìíní ọdún 2024, ẹni tó ń fi owó ara ẹ̀ lọ ṣe máàsítà oníkíláàsì ò lè mú ọkọ tàbí aya tàbí ọmọ dání mọ́, ẹ bá ará ilé yín sọ ìyẹn kẹ́ ẹ tó san ohunkóhun. Fún Jámánì, ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba wọn kì í gba fíìsì, àmọ́ wọ́n fẹ́ rí owó ọdún kan nínú àkáǹtì tí wọ́n tì pa, €11,904 ni látọdún 2024, ọ̀pọ̀ máàsítà lórí media níbẹ̀ sì jẹ́ pé èdè Jámánì ni wọ́n fi ń kọ́ni. Ti Amẹ́ríkà, ẹ yẹ ipò fíìsà wọn fún ọmọ Nàìjíríà wò lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ san owó gan-an, ẹ má gbára lé ohun tí ẹnì kan sọ lọ́dún tó kọjá.

Ọ̀nà tí mo máa ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn jù ni Chevening, sikọ́láṣípù kan. Ìjọba UK ló ń san án, fíìsì, tíkẹ́ẹ̀tì, owó jíjẹ. Wọ́n fẹ́ ọdún méjì iṣẹ́, ìyẹn wákàtí 2,800, ẹ máa yan kọ́ọ̀sì mẹ́ta, ẹ sì gbọ́dọ̀ padà wálé fún ọdún méjì ó kéré tán. Àwọn ará ibi iṣẹ́ wa máa ń rò pé ọmọ olówó tàbí ọmọ NGO nìkan ló wà fún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ètò kan dìde látorí òdo tó di ohun tí gbogbo Ìbàdàn ń gbọ́, ohun tí wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ wá sọ gan-an nìyẹn, ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí, iye èèyàn tẹ́ ẹ darí, iye owó tẹ́ ẹ pa, ohun tó bàjẹ́ àti bẹ́ ẹ ṣe tún un ṣe.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí agùnbánirọ̀ tí ò tíì ṣiṣẹ́ níbì kankan, má lọ ṣe MBA báyìí. Wá iṣẹ́ sí ẹ̀ka ìpolówó tàbí àkáǹtì ní iléeṣẹ́ kan fún ọdún méjì, owó oṣù lè kéré, lẹ́yìn náà kí o kọ Chevening àti Pan-Atlantic pa pọ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ gbà ọ́ ni kí o mú.

Atọ́kùn tàbí olóòtú ètò tó ti lò ju ọdún méje lọ, tí wọ́n fẹ́ gbé e sípò mánéjà, MBA n'Íbàdàn ni, kó sì fúnra ẹ̀ ka òfin NBC àti ti ARCON lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tí iléeṣẹ́ bá ní àwọn máa san ìdajì, ó lè wo Lagos Business School.

Ẹni tó fẹ́ kọ́ni ní yunifásítì lọ́jọ́ iwájú, UI, ti academic, kó fi project ẹ̀ tú ọ̀rọ̀ owó palẹ̀ bí mo ṣe sọ, kó sì fi ọdún kan kún àsìkò tí wọ́n bá sọ fún un.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ní ìyàwó àti ọmọ tí owó ń wọlé fún un lójoojúmọ́ tó bá jáde, NOUN ni, ẹ má fi ètò yín sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, àwọn olùgbọ́ kì í pẹ́ gbàgbé èèyàn. Ẹni tí bàbá tàbí ìyá ẹ̀ ní ìkànnì YouTube tàbí ilé ìtajà fíìmù, tí ẹ̀tọ́ rẹpẹtẹ wà lọ́wọ́ wọn, ìwọ gan-an ni owó òkè òkun tọ́ sí tó bá wà, torí ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo lórí ẹ̀tọ́ lè gba iṣẹ́ ogún ọdún padà fún ìdílé yín. Tí kò bá sí, kọ́kọ́ lọ wá lọ́yà tó mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ oníṣẹ́, kó bá yín ka gbogbo ìwé tẹ́ ẹ ti fọwọ́ sí, kí o tó wá fọ́ọ̀mù kankan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní HND, pàápàá àwọn ará Poly Ìbàdàn tí mo mọ̀ pé wọ́n pọ̀ nínú sìtúdíò ìlú yìí, ọ̀pọ̀ yunifásítì máa ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe PGD (ìwé ẹ̀rí àfikún ọdún kan), ẹ ka ọdún kan yẹn mọ́ ọn. Ẹ yan PGD tó kan ìṣàkóso òwò dípò kẹ́ ẹ tún padà ṣe mass communication, ilẹ̀kùn MBA á ṣí sílẹ̀ fún yín látibẹ̀. Ẹ sì lọ béèrè transcript yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má dúró dìgbà tí fọ́ọ̀mù bá jáde.